Ìwẹ̀ Ọmọọba Thyra

Ìwẹ̀ ni Màmá Thyra fẹ́. Kì í ṣe kéèkì, kì í ṣe òdòdó, kì í ṣe orin. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé láti ọjọ́ Àìkú pé kò sẹ́ni tí yóò kọrin ọjọ́ ìbí sí òun létí nígbà tí òun ń rùn bí ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja.

Ẹ má rò pé fáàrí ló ń ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ ìlú Hesselby, ní Dẹ́nmáàkì, ló ń rán olùtọ́jú wá wẹ àwọn arúgbó tí kò lè dá wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọ́n pe ìyẹn ní àtúntò. Ọjọ́ ìwẹ̀ tó kọjá, olùtọ́jú ò yọjú rárá, wọ́n ní ara rẹ̀ ò dá. Báyìí ló di pé bí ẹ bá bi Màmá Thyra ní ìgbà tí omi kàn án gbẹ̀yìn, àfi kó kọ́kọ́ jókòó kó ronú. Aṣọ tútù ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi ń nù ún lára, bí ẹni ń nu tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára obìnrin náà. Bàbá rẹ̀ àgbà àti baba ńlá ọba tó wà lórí oyè ní Dẹ́nmáàkì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ò ní ẹ̀rọ omi gbígbóná nínú. Ohun tó ń ti ààfin wá kò ju ìdì òdòdó kan lọ lọ́dọọdún, pẹ̀lú káàdì tí ẹnì kan tí Màmá ò mọ̀ rí fọwọ́ sí. Àwọn ará Hesselby ń pè é ní Ọmọọba bí èèyàn ṣe ń pe ọkùnrin gígùn ní Kúkúrú. Gólíkípà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ẹni tó ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù àwọn obìnrin ìlú náà títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi wọ́ bí ẹ̀ka igi tí atẹ́gùn òkun ti bá jà. Akọ́díọ̀nù, dùùrù tí wọ́n ń gbé sáyà fà, ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ ọn. Láàárín ẹgbẹ́ afọnfèrè ìlú, òun ló máa ń fà á, òun ló sì máa ń wo àwọn yòókù bí àwòdì bí wọ́n bá fi orin falẹ̀.

Láti kùtùkùtù ni Dorrit, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti bá a bọ́ṣọ, tó fi táwẹ̀lì ńlá wé e, tó sì ràn án lọ́wọ́ dé orí àga ìwẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ yá wọn. Àga yìí ló ń gbé èèyàn sókè tí yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sínú ọpọ́n omi. Ó gba èèyàn méjì: ẹnì kan á máa darí rẹ̀, ẹnì kan á di arúgbó mú. Màmá Thyra jókòó síbẹ̀ bí ẹni jókòó sórí ìtẹ́, ó ń retí ẹnì kejì.

Ebbe, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà níta lẹ́bàá òpó àsíá. Níbẹ̀ yẹn, ọjọ́ ìbí tí kò ní àsíá, ọjọ́ lásán ni. Gbogbo àdúgbò ti fa tiwọn dé téńté nítorí Màmá Thyra, pupa alágbèélébùú funfun, ilé dé ilé. Ebbe náà fa tiẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn yẹn ti jẹ òjò, ó ti jẹ yìnyín, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà òtútù. Nígbà tí àsíá dé ìdajì òpó, kókó kan gun kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá lókè, ó há síbẹ̀. Ebbe fà á sókè, kò lọ. Ó fà á wálẹ̀, kò bọ̀. Ó ń ro ibi tí àkàbà wà nígbà tí Dorrit pè é láti ilé ìdáná. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló pè, ẹ̀ẹ̀kan péré, ohùn ò sì lọ sókè. Ebbe mọ irú ìpè yẹn. Ó so okùn mọ́ òpó, ó sáré wọlé, ó gbàgbé àsíá síbẹ̀.

Èèyàn lè gbàgbé ọmọ sí ilé ìtajà ní Hesselby kí wọ́n dárí jì í. Àsíá tó dúró ní ìdajì òpó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: wọ́n ti kú nínú ilé yìí.

Fóònù wà lọ́wọ́ Dorrit.

"Wọn ò wá," ó wí.

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí kì í wá náà."

Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún un. Nítorí àìtó òṣìṣẹ́, wọ́n ti sún ìwẹ̀ òní sí ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Wọ́n dúpẹ́ fún òye wọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ọ̀gá tó ń mójú tó ìtọ́jú arúgbó, Merete, ẹni tí Dorrit ti ń pè láti ìgbà òtútù, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú ohùn Merete fúnra rẹ̀, tútù, tó dùn, tó ní kí wọ́n ní sùúrù.

Ebbe tún pè. Ẹ̀rọ ní kó ní sùúrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè sí i létí. Láti inú balùwẹ̀, Màmá Thyra gbọ́ orin náà, ó ní ẹni tó ń fọn fèrè yẹn kò tíì jẹun àárọ̀.

Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ebbe rò. Dorrit ní arúgbó tó ti jókòó sínú táwẹ̀lì láti ìdájí, ó ti mọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ebbe ní kí àwọn méjèèjì wẹ̀ ẹ́. Dorrit bi í bóyá ó ti gbàgbé ìgbà tó kọjá tí wọ́n dán an wò. Ẹ̀yìn ń dun Ebbe láti ọjọ́ náà, nítorí ibi tó ti ń darí àga ni ẹsẹ̀ ti yọ̀ ọ́, tó ṣubú sínú ọpọ́n tòun ti bàtà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Màmá Thyra ti búra pé ọmọ tí òun bí kò ní rí ìhòòhò òun lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìbátan ọba kúkú ni yín," Dorrit wí. "Pe ààfin."

"Kí n sọ pé kí ni? Kí ọba wá bu omi?"

"Ó lè rán ìyàwó rẹ̀. Inú ò ní bí mi."

Ebbe ní ẹnu rẹ̀ ló máa ń ba ọjọ́ jẹ́. Dorrit ní omi ni kò jẹ́ kí ọjọ́ dára, ẹnu òun ò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n dé orí ta ló yẹ kó ra ọpọ́n tó dára ju èyí lọ nígbà tí owó wà, wọ́n dé orí ìyá Dorrit, tó ti kú tipẹ́ tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

"Bí ẹ bá fẹ́ jà," Màmá Thyra wí láti inú balùwẹ̀, "ẹ wá jà níbí. Òtútù ń mú mi, ẹ ó jẹ́ kí yàrá gbóná."

Dorrit lọ máa kó àwo sórí tábìlì.

Lódìkejì òpópónà, Gudrun, aládùúgbò wọn, dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ife kọfí. Ó rí àsíá. Ó gbé ife náà kalẹ̀. Aṣọ òtútù pupa ló wọ̀ fún ọjọ́ ìbí. Ó bọ́ ọ, ó wọ dúdú, ó jáde, ó sì sọ àsíá tirẹ̀ kalẹ̀ dé ìdajì. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, ó sọ tiẹ̀ kalẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀ láti ilé dé ilé títí dé etí omi, láìsí ẹni tó bi ẹnì kejì ní ìbéèrè. Gudrun pe Kaj, ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kó àga àti ibùsùn aláìsàn pamọ́ sí, ó ní Ọmọọba ti lọ, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, ó mà ṣe o. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò ọbẹ̀ adìẹ tó yẹ kó jẹ lálẹ́, ó gbé e sórí àtẹ̀gùn Màmá Thyra, kò kanlẹ̀kùn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í fẹ́ ariwo. Torben tó ń ta òdòdó náà dé, ó gbé ìdì òdòdó ààfin dání. Ó tú rìbọ́nù ọjọ́ ìbí kúrò lára rẹ̀, ó ki káàdì bọ àpò, ó gbé òdòdó kalẹ̀ sẹ́bàá ọbẹ̀, ó ṣí fìlà, ó lọ.

Nínú ilé, Dorrit ti tẹ́ tábìlì. Búrẹ́dì róbótó, bọ́tà, wàràkàṣì, ìgò ọtí kíkorò tí àwọn tó bá wá kọrin àárọ̀ máa ń mu ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ afọnfèrè máa ń tètè dé. Màmá Thyra na etí. Kò gbọ́ fèrè. Kò gbọ́ ẹsẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá òní kọ́ ni.

"Òní ni, Màmá," Ebbe wí.

Ó fa táwẹ̀lì mọ́ra. Dorrit fi táwẹ̀lì gbígbẹ kún èyí tó wà lára rẹ̀, ó sì jáde lọ wo ọ̀nà. Ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà òdòdó, lẹ́yìn náà àbẹ́là tí ẹlòmíràn ti tàn síbẹ̀. Ó gbé ọbẹ̀ wọlé láìgbé ojú sókè, ó ní ta ló ń sebẹ̀ wá síbi ọjọ́ ìbí láàárọ̀. Ebbe ní ó lè jẹ́ àṣà tuntun. Ó mú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó tún tọ́ ọ wò.

Ibi tó dé nìyẹn tí ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kaj sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin ńlá kan bíi tirẹ̀. Obìnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú sì ṣáájú wọn, ojú rẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó wí fún Ebbe. "Ọmọọba ni wọ́n, ìyẹn ni mo ṣe ní mo gbọ́dọ̀ wá fúnra mi. A ò ní pẹ́ rárá. Àga ìwẹ̀ nìkan la wá gbé. Àwọn kan ń dúró dè é, màmá yín ò sì nílò rẹ̀ mọ́."

Ebbe dúró pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu. Dorrit ló dá ohùn náà mọ̀. Ohùn tútù yẹn, tó dùn, tó ní kí wọ́n ní sùúrù.

"Ṣé ẹ̀yin ni Merete?"

"Èmi ni."

Dorrit wò ó. Ó wo ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, ó rí òpó, ó rí àsíá ní ìdajì òpó. Ó rí gbogbo òpópónà, àsíá kan lẹ́yìn òmíràn, ìdajì, ìdajì, ìdajì. Ó yí ojú sí ọkọ rẹ̀. Ebbe yọ ṣíbí lẹ́nu. Bó ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún Merete ni Dorrit fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kúkú wọlé," Dorrit wí. "Inú balùwẹ̀ ni àga wà. Ẹ má bínú, a ò tíì kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò."

Kaj ló ṣáájú, fìlà lọ́wọ́, orí títẹ̀ba. Ó ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀. Màmá Thyra jókòó sórí àga nínú táwẹ̀lì méjì, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ti pẹ́ jù," ó wí.

Kaj fẹ̀yìn rìn, ó gba Merete mọ́ ògiri. Ọkùnrin kejì ò rí ibi sá sí, ó rọra jókòó sétí ọpọ́n, ó ń mí.

"Ta ló kú tí ẹ fi ṣe báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà," Kaj wí.

Màmá Thyra rò ó wò díẹ̀. "Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí ni wọ́n wí."

"Ó dáa. Kò burú. Mo fẹ́ wẹ̀ kí ẹ tó sin mí."

Merete bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó ní àsíá ló ṣi àwọn lọ́nà, inú òun dùn pé Màmá wà láàyè, àwọn á máa lọ, òun á sì rí i pé wọ́n tètè fi Màmá sí ètò. Màmá Thyra jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ gólíkípà méjèèjì lé apá àga, ọwọ́ tó fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì dì í mú.

"Àga lẹ wá gbé. Èmi ni mo wà lórí rẹ̀. Mi ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ láìwẹ̀."

Merete ní kì í ṣe pé òun kọ̀, kò sí lórí ètò òní ni, kò sẹ́ni tó wà níkàlẹ̀. Dorrit fara ti òpó ilẹ̀kùn.

"Láàárọ̀, fún ẹni tó wà láàyè, ẹ ní kò sẹ́ni kankan," ó wí. "Ó kú, ẹni mẹ́ta dé pẹ̀lú mọ́tò. Búrẹ́dì mi ò tíì tutù."

Ẹ̀rọ omi ń kán sínú ọpọ́n. Ọkùnrin ńlá tó jókòó sétí rẹ̀ wo bàtà ara rẹ̀. Merete wo ilẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè. Nígbà tó gbé e sókè, ó bọ́ kóòtù. Ó bọ́ aago ọwọ́. Ó bọ́ òrùka, ó kó gbogbo rẹ̀ fún Kaj, ó ní kí òun àti ọkùnrin kejì lọ dúró ní ilé ìdáná. Ó ká apá aṣọ, ó ṣí omi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò kó tó fi ọwọ́ kàn án, bí àwọn tó ti wẹ arúgbó rí ṣe máa ń ṣe. Olùtọ́jú ni òun náà kí wọ́n tó fún òun ní tábìlì ọ́fíìsì. Ó sọ ìyẹn láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Dorrit darí àga. Merete di Màmá mú. Màmá Thyra gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí omi gbígbóná kàn án ní orúnkún, ó yọ ohùn kan tí Dorrit ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn. Nígbà tó dé àyà, ó pa ojú dé.

Wọ́n fọ orí rẹ̀. Wọ́n fọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tún un fọ̀. Ọṣẹ yọ̀ lọ́wọ́ Merete, ó fò sókè gba iwájú Màmá kọjá. Ọwọ́ kan jáde láti inú omi, ó hán an lófuurufú. Ojú Màmá ṣì wà ní pípadé.

"Ẹ̀yin obìnrin Nørrelund ò lè jù ú wọlé," ó wí, bí ẹni ṣì ń ṣọ́lé dè wọ́n níbi bọ́ọ̀lù, ó dá ọṣẹ padà fún un. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ rẹ dára. Kí ló dé tí wọ́n fi ọ́ pamọ́ sí ọ́fíìsì?"

Merete tún etí rẹ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ilé ìdáná, Ebbe bu ọbẹ̀ òkú fún Kaj àti ẹnì kejì rẹ̀. Kaj tọ́ ọ wò, ó ní ọbẹ̀ ìyá ìyàwó òun nìyí, òun sì mọ̀ pé kò fún òun rí.

Ìgbà náà ni orin bẹ̀rẹ̀ níta. Ẹgbẹ́ afọnfèrè ti fẹ́ wá láàárọ̀. Wọ́n rí àsíá, wọ́n padà lọ pàrọ̀ aṣọ. Ní báyìí, wọ́n dúró lẹ́yìn ọgbà nínú aṣọ dúdú, Poul olórí wọn gbé fèrè ńlá lé èjìká, wọ́n sì ń fọn orin ìsìnkú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ẹrù gòkè. Nínú omi, Màmá Thyra ṣí ojú kan.

"Ta ni wọ́n ń fọn ìyẹn fún?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá," Dorrit wí.

Ó tẹ́tí. Kò jẹ́ kí wọ́n dá orin náà dúró, ó ní àwọn tí wọ́n máa ń fọn ọ́n fún kì í gbọ́ ọ. Ẹsẹ orin kìíní parí, ìkejì parí. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi wà lórí rẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni èwo. Nínú ẹ̀kẹta ni ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní kí Merete ṣí fèrèsé.

"Poul," ó wí síta. "Yára díẹ̀. Oorun ti ń kùn mí."

Fèrè kan dákẹ́. Ìkejì dákẹ́. Ìlù dákẹ́. Poul nìkan ló kù, nítorí ó máa ń dijú bó bá ń fọn fèrè. Ó fọn ún lọ títí, òun nìkan, kó tó gbọ́ pé kò sẹ́ni lẹ́yìn òun. Gudrun, tó dúró lódìkejì pẹ̀lú áńkáṣíìfù, jókòó sórí ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè mọ bó ṣe rí. Gbogbo wọn wọlé nínú aṣọ dúdú, ojú ń tì wọ́n. Màmá Thyra jókòó láàárín yàrá, irun rẹ̀ funfun tó ń dán, ara rẹ̀ ń ta sánsán bí ọṣẹ, ó jẹ́ kí ẹnìkọ̀ọ̀kan tẹ̀ ba láti kí òun kí wọ́n lè gbóòórùn rẹ̀. Torben yọ káàdì ààfin lápò, ó ti rún. Gudrun bèèrè ìkòkò rẹ̀, ó rí i pé ó ṣófo, ó wo Kaj, Kaj wo òkè àjà. Wọ́n mu ọtí kíkorò. Wọ́n gé kéèkì. Màmá ní kí wọ́n gbé akọ́díọ̀nù wá, ó fà á, Poul sì sáré tẹ̀ lé e bí ó ti lè ṣe. Merete jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, apá aṣọ rẹ̀ ṣì tutù, ó ń jẹ kéèkì bí ọmọ tó ti jìyà tán.

Níta, àsíá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ti Gudrun, ti ẹni tó tẹ̀ lé e, títí dé etí omi. Ti Ebbe nìkan ló kù. Ó gbé àkàbà, ó kọjá níwájú fèrèsé, Kaj ń tẹ̀ lé e láti bá a tú kókó náà.

Màmá Thyra dá orin dúró. "Ebbe, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ebbe ní kò ṣeé ṣe. Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀.

"Kí wọ́n sọ ọ́." Màmá Thyra yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. "Merete, ìgbà wo ni ìwẹ̀ mi tó ń bọ̀?"

Merete gbé kéèkì mì. "Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mà."

"Kó wà ní ìdajì òpó di ọjọ́ náà, nígbà náà. Mo ti rí i pé ẹ máa ń rí i dáadáa."

Gudrun wo àwo rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà wà lórí ètò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá Poul. Merete gbé àwo kalẹ̀, ó dìde, ó dúró níwájú Màmá Thyra, kò sì lo ohùn inú ẹ̀rọ.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń bọ̀."

Màmá Thyra wò ó bí gólíkípà ṣe ń wo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè díẹ̀ sí ojú fèrèsé.

"Ebbe. Tú kókó náà. Fà á sókè."

Kaj gun àkàbà, kókó tú, Ebbe bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Àsíá kúrò ní ìdajì, ó ń lọ sókè geerege.

"Ó tó," Màmá Thyra wí. "So ó síbẹ̀. Ìyókù di ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó sì gbá akọ́díọ̀nù mọ́ àyà, ó ń fà á lọ. Gbogbo àdúgbò jáde wá wo àsíá náà. Kò sí lókè fún ayọ̀, kò sì sí nísàlẹ̀ fún òkú. Ẹnì kan lọ di okùn tirẹ̀ mú, ó wo òkè, ó wo ilé Màmá Thyra, ó sì rọra sọ tiẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó lè bá a dọ́gba. Gudrun ni.